Bí A Ṣe Ń Wádìí Ohun Tó Ń Ṣe Ọkọ̀ Ilẹ̀ Gbágungbàgun, àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ọkọ̀ tí a ń gbé gba inú ẹrẹ̀, orí àpáta, iyanrìn àti odò kì í bàjẹ́ bí ọkọ̀ tí kì í kúrò lórí títì ọlọ́dà. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń bà á jẹ́: omi, eruku, ẹrẹ̀ àti gbígbọ̀n. Ẹni tó bá mọ ibi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbà ṣọṣẹ́, tó sì ń dán nǹkan wò kí ó tó tú u, kì í pẹ́ rí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ẹ̀yà kan tẹ̀ lé èkejì títí ariwo yóò fi dákẹ́, owó ló ń ná, kò tíì tún ọkọ̀ ṣe. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó lè tú táyà, tó mọ sípánà lò, tó sì ní mítà iná kan lọ́wọ́. Ohun tó bá kọjá agbára irú ẹni bẹ́ẹ̀, màá sọ ọ́ bí a bá dé ibẹ̀.

Ẹ wò ó kí ẹ tó fọ̀ ọ́

Ó wọ́pọ̀ kí a kọ́kọ́ fi omi fọ ọkọ̀ tó bá ti inú ẹrẹ̀ dé kí mẹkáníìkì tó wọ abẹ́ rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹrẹ̀ àti eruku yẹn ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí a ní. Ibi tí ọ́ìlì bá ti ń jò, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Atẹ́gùn máa ń gbá ọ́ìlì lọ sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń sáré, ó sì máa ń ṣàn wálẹ̀, nítorí náà ibi tó tutù lókè jù lọ, tó sì sún mọ́ iwájú jù lọ, ni kí ẹ fura sí, kì í ṣe ibi tó ti ń kán sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun pupa bí ìpẹtà ní ẹnu kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn oríkèé ṣáàfùtì gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, gíríìsì ti tán nínú rẹ̀, irin sì ti ń jẹ irin. Bí ẹ bá rí ibi tí irin ti ń dán yànrànyànràn lábẹ́ orí bóòtù kan nígbà tí ẹrẹ̀ bo gbogbo ìyókù, bóòtù náà ti tú, ó sì ti ń rìn.

Ẹ fi ìka kan ohun tó ń jò, kí ẹ sì fi imú gbọ́ ọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kó dúdú. Ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọmátíìkì sábà máa ń pupa. Ọ́ìlì dífù (àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà méjì) ki, ó sì ní òórùn imí-ọjọ́. Omi rédíétọ̀ tí a pò mọ́ kúláǹtì máa ń ní òórùn adùn-bí-ṣúgà. Omi búréèkì máa ń yọ̀, ó sì máa ń ká ọ̀dà ara ọkọ̀ kúrò. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ wá fọ ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ sì padà wò ó. Omi tó ń fi agbára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìfọkọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò), ẹnu wáyà, tàbí ihò tí dífù fi ń mí.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ bi awakọ̀ léèrè. Ṣé ẹ́ńjìnnì tutù ni tàbí ó ti gbóná nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé orí eré ni, àbí nígbà tí ọkọ̀ ń fà lórí òkè? Ṣé fọ́ọ̀ wíìlì, tó ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà pọ̀, wà lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé bí ó bá yà sí òsì ni, àbí sí ọ̀tún? Ṣé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ odò ni? Ìbéèrè tí mo ka sí jù lọ ni pé: kí ni wọ́n tún ṣe kẹ́yìn lára ọkọ̀ yìí? Ibi tí ọwọ́ ti dé kẹ́yìn ni wáyà tí wọn kò so padà, bóòtù tí wọn kò dè tán àti gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò jókòó dáadáa sábà máa ń wà.

Kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀

Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídì í mú. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tó lágbára sábẹ́ férémù tàbí sábẹ́ ìdí ọkọ̀ (irin ìbú tó gbé táyà méjì) kí orí yín tó wọlé, kí ẹ sì wá nǹkan dí iwájú àti ẹ̀yìn táyà tó wà nílẹ̀.

Lórí ọkọ̀ fọ́ọ̀ wíìlì, nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Lára àwọn ọkọ̀ kan, irú bíi Land Rover Defender àtijọ́, búréèkì ọwọ́ kì í mú táyà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì kékeré (èyí tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn), níbi tí ṣáàfùtì gígùn ti jáde, ló ti ń mú. Bí ẹ bá gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀, dífù á jẹ́ kí táyà tó wà lókè máa yí fàlàlà, ọkọ̀ náà á sì lè yí kúrò lójú kan bí ẹ tilẹ̀ ti fa búréèkì ọwọ́. Bákan náà ni jíà páàkì ọ̀tọmátíìkì ṣe rí, nítorí ṣáàfùtì lòun náà ń dì mú. Ohun tí ẹ fi dí táyà nìkan ni ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ariwo àti gbígbọ̀n: ẹ pín ọkọ̀ sí ọ̀nà méjì

Ariwo inú ọkọ̀ ilẹ̀ gbágungbàgun pọ̀, àwọn kan kì í sì í ṣe àrùn rárá. Táyà ẹrẹ̀ tó ní eyín ńláńlá máa ń kùn lórí ọ̀dà, ohùn rẹ̀ á sì yí padà bí ojú ọ̀nà bá yí padà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò.

Fún ìyókù, ẹ dá ọkọ̀ dúró, kí ẹ fi jíà sí fírì, kí ẹ sì tẹ tọ́tù díẹ̀díẹ̀. Bí ariwo náà bá jáde, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ohun tí bẹ́líìtì ń yí ni ó wà. Bí kò bá jáde, ẹ gbé ọkọ̀ dé ìwọ̀n eré tí ariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò léwu, kí ẹ fi jíà sí fírì, kí ọkọ̀ máa fúnra rẹ̀ lọ. Ariwo tó bá ṣì ń bá eré lọ kò sí lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́. Ṣáàfùtì, dífù, bíárìn tàbí táyà ni ẹ ó máa wá. Ìdánwò kékeré yìí nìkan ti gé iṣẹ́ kù sí ìdajì.

Bíárìn táyà máa ń hu, á sì máa pọ̀ sí i bí eré bá ti ń pọ̀. Bí ẹ bá rọra yí sítíárìn sí òsì lórí ìrìn, ìwúwo ọkọ̀ á bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí ariwo bá pọ̀ sí i nígbà náà, bíárìn ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kí ẹ lè rí i dájú, ẹ gbé táyà náà kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kan di òkè rẹ̀ mú, kí ẹ fi èkejì di ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa fà á, kí ẹ máa tì í. Bí ẹ bá rí i pé ó ń mì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún un mì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni. Bí ó bá ṣì ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí píìnì ló ti jẹ, nítorí búréèkì ti so táyà àti họ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ ohun tó gbé wọn dání, ohun tó bá ṣì ń rìn kọjá bíárìn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì táyà mú, kí ẹ mì í: ibi táì rọ́ọ̀dù ni ìyẹn ń tọ́ka sí.

Ìró “ká-ká-ká” nígbà tí ẹ bá ká sítíárìn dópin tí ẹ sì tẹ tọ́tù jẹ́ ti CV joint, oríkèé ṣáàfùtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Rọ́bà tó bò ó ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya, ẹrẹ̀ á wọlé, gíríìsì á jáde. Bí ẹ bá tètè rí rọ́bà tó ya kí ìró tó bẹ̀rẹ̀, fífọ̀, gíríìsì tuntun àti rọ́bà tuntun lè tó o. Ìró “gbì” kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá kúrò ní iwájú bọ́ sí rìfáàsì, tàbí tí ẹ tẹ tọ́tù tí ẹ sì tún tú u, sábà máa ń jẹ́ ti kúrọ́ọ̀sì, ti bọ́ṣìn (rọ́bà tó wà láàrin irin méjì) tó ti fọ́, tàbí ti ìjókòó gíábọ́ọ̀sì. Ẹ dí táyà, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ di ṣáàfùtì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrọ́ọ̀sì, kí ẹ sì lọ́ ọ síwá-sẹ́yìn: kúrọ́ọ̀sì tó dára kì í ní àyè kankan.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá iwájú ni ariwo ti ń wá tàbí ẹ̀yìn, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí fọ́ọ̀ wíìlì rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi tí a bá fà á, ẹ lè tú ṣáàfùtì gígùn iwájú kúrò pátápátá, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn nìkan wà á lórí títì. Bí ariwo bá bá ṣáàfùtì náà lọ, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀ wíìlì ọkọ̀ náà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà gbogbo, ẹ gbọ́dọ̀ lọ́ọ̀kì dífù àárín, èyí tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ tó dán an wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ agbára á gba ẹnu tó ṣófo jáde, ọkọ̀ kò sì ní kúrò lójú kan.

Ẹ̀sùn kan tún máa ń wáyé tí kì í ṣe ìbàjẹ́. Awakọ̀ á ní lẹ́fà fọ́ọ̀ wíìlì ti há, kò fẹ́ jáde. Bí ẹ bá béèrè, ẹ ó gbọ́ pé ó fi fọ́ọ̀ wíìlì rin orí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí iyanrìn, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí, ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, ìyàtọ̀ náà á lọ́ mọ́ inú ṣáàfùtì àti jíà títí gbogbo rẹ̀ yóò fi le. Ẹ má ṣe fi ipá fa lẹ́fà náà. Ẹ fi rìfáàsì rìn sẹ́yìn tààrà ní mítà díẹ̀, tàbí kí ẹ gbé táyà kan kúrò nílẹ̀ kí ìlọ́ náà lè tú. Bí ó bá ń há léraléra láìsí ìdí, ẹ wọn ìyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí méjì tuntun pẹ̀lú méjì tó ti jẹ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Sítíárìn tó ń gbọ̀n bí ẹni pé yóò já

Èyí jẹ́ àrùn ọkọ̀ tí ìdí iwájú rẹ̀ jẹ́ irin kan gbọọrọ. Ọkọ̀ á wọ kòtò kékeré kan lórí eré, iwájú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì tí awakọ̀ kò ní lè ṣe nǹkan kan ju kí ó dín eré kù lọ. Ohun tí wọ́n máa ń sáré pààrọ̀ ni sọ́ọ̀kì sítíárìn. Ìyẹn ni kí a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá: sọ́ọ̀kì tuntun á bo gbígbọ̀n náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ohun tó jẹ á sì máa jẹ sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ríìmù. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ inú ríìmù kan lè mú kí táyà náà wúwo lápá kan, ó sì tó láti dá gbígbọ̀n sílẹ̀. Ẹ họ ọ́ kúrò, ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ sì tún ọkọ̀ wà. Bí kò bá tíì lọ, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì, láìdáwọ́ dúró, kí ẹ̀yin sì wà níbi tí ẹ ti lè rí irin ìdábùú tó so ìdí iwájú mọ́ férémù. Ẹ fi ìka lé ibi tí irin méjì ti pàdé, níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí apá kan bá ti ń rìn kí èkejì tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni àyè wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bóòtù tó le tàn yín jẹ, nítorí ihò tó wọ̀ lè ti fẹ̀ di gígùn. Ẹ tú bóòtù náà kí ẹ lè rí ojú ihò. Lẹ́yìn irin ìdábùú ni ó kan táì rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Bí wọ́n bá ti fi sípírìn tó ga gbé ọkọ̀ sókè, bí píìnì sítíárìn ṣe dagẹ̀rẹ̀ ti yí padà nìyẹn, ẹ̀rọ ìwọn táyà (aláìnmẹ́ǹtì) nìkan ló sì lè sọ bó ṣe rí. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ nìyẹn, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọ́n.

Omi

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàrin omi, ẹ má ṣe sítáàtì rẹ̀ mọ́. Mi ò mọ àṣìṣe mìíràn tó wọ́n jù èyí lọ. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀ nínú sílíńdà, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí písítìnnì bá gòkè bá omi, kọnrọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítìnnì, ló máa tẹ̀. Ẹ fa ọkọ̀ jáde, kí ẹ ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́. Bí fílítà bá gbẹ, tí inú ọ̀pá tó tẹ̀ lé e náà sì gbẹ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé iná nìkan ni omi dí lọ́wọ́. Bí ọ̀pá náà bá tutù, ẹ tú gbogbo pílọ́ọ̀gì kúrò, tàbí pílọ́ọ̀gì agbóná tàbí nọ́súlù bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísù, kí ẹ já iná àti epo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ wá jẹ́ kí sítátà yí ẹ́ńjìnnì kí omi lè tú jáde láti ojú ihò. Ẹ má ṣe gbójú sórí ihò náà. Kí ẹ tó dá wọn padà, ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì: ọ́ìlì tó ti funfun tó sì ki ní omi nínú, ẹ gbọ́dọ̀ dà á nù, kí ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì tún dà á nù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Dífù àti gíábọ́ọ̀sì tún ń mu omi ní ọ̀nà tí a kì í fura sí. Wọ́n gbóná lórí ìrìn; bí wọ́n bá wọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú wọn á sún kì, wọ́n á sì máa fa ohunkóhun tó bá wà nítòsí wọlé. Ihò kékeré tí wọ́n fi ń mí ló yẹ kí ó fa afẹ́fẹ́ wọlé; bí ẹrẹ̀ bá ti dí i, ẹnu síìlì ni omi á gbà. Ẹ wá ihò náà lórí ìdí ọkọ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì so ọ̀pá rọ́bà mọ́ ọn lọ sókè, ó kéré tán dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́.

Láti mọ̀ bóyá omi ti wọlé, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró mọ́jú. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Lówùúrọ̀, ẹ rọra tú bóòtù ìsàlẹ̀ dífù láìyọ ọ́ tán: bí ó bá jẹ́ omi ló kọ́kọ́ kán, tàbí ọ́ìlì tó ti funfun, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó yọ bóòtù ìsàlẹ̀ tán, ẹ rí i pé bóòtù òkè tí a ń gbà bu ọ́ìlì sí i ṣeé tú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó ní dífù tó ṣófo tí kò ṣeé bu nǹkan sí. Ẹ wo máágínẹ́ẹ̀tì tó wà lórí bóòtù náà. Ìyẹ̀fun eérú dídán kò burú. Eyín jíà tàbí èérún irin tí ìka lè mú jẹ́ ìròyìn búburú.

Gbígbóná

Ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná ló ń sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń gbóná nígbà tó ń rákò lórí àpáta, ṣùgbọ́n tó ń tutù lórí eré, atẹ́gùn ni kò tó: ẹ wo fáànù, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àti ike tó yí i ká. Bí ó bá ń gbóná lórí eré, rédíétọ̀ tó dí, tọ́mósítáàtì (ẹnu-ọ̀nà tó ń ṣí fún omi bí ó bá gbóná) tàbí pọ́ńpù omi ni.

Láàrin rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà ẹ̀rọ amúlétutù, àyè tóóró kan wà tí ẹrẹ̀ àti koríko ń kó sí, ẹ kò sì lè rí i láti iwájú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì; bí ìmọ́lẹ̀ kò bá yọ sí òdì kejì, ẹ ti rí i. Ẹ fi omi tí kò lágbára fọ̀ ọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì sí iwájú, kí ẹrẹ̀ lè padà síbi tó ti wọlé. Ìdérí rédíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: omi lásán ń hó ní 100 °C ní ìpele òkun, ṣùgbọ́n bí ìdérí bá di ìtẹ̀ tó tó 15 psi mú, kì í hó títí di nǹkan bí 121 °C. Ìdí nìyẹn tí ìdérí tó ti gbó fi lè mú ọkọ̀ tó dára hó, ìdí nìyẹn náà tí ẹ kò fi gbọdọ̀ ṣí i nígbà tó gbóná. Yíyọ tọ́mósítáàtì sọnù kì í ṣe àtúnṣe, láìka iye ẹni tó ń ṣe é sí. Ẹ sọ ọ́ sínú omi tí ẹ ń sè pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìgbóná. Ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ọ̀pọ̀ ìgbà 82 tàbí 88 °C, ni ó yẹ kí ó ti máa ṣí. Bí ọ̀pá rédíétọ̀ bá le gbagidi láàrin ìṣẹ́jú kan tí ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì tó tutù, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń ru jáde nínú omi rẹ̀ láìdákẹ́, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ.

Iná

Bátìrì tó kún ń fi 12.6 fóltì hàn nígbà tí ohunkóhun kò ṣiṣẹ́, 12.2 jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Nígbà tí sítátà ń yí, kò yẹ kó wálẹ̀ kọjá 9.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàrin 13.7 sí 14.7, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wo ọ́tánétọ̀, tó ń ṣe iná fún bátìrì, àti bẹ́líìtì rẹ̀.

Lórí ọkọ̀ tó ń wọ ẹrẹ̀, wáyà tó so ẹ́ńjìnnì àti férémù mọ́ ẹnu òdì bátìrì ló ń kọ́kọ́ díbàjẹ́. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà kan òdì bátìrì, ẹ fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ẹnì kan sì sítáàtì rẹ̀. Bí mítà bá ka ohun tó ju 0.3 fóltì lọ, wáyà náà tàbí ẹnu rẹ̀ ni ẹ ó fọ̀, kì í ṣe bátìrì ni ẹ ó rà. Fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa mi ìdìpọ̀ wáyà díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu kan dé èkejì, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kọsẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ẹnu OBD-II, níbi tí ẹ̀rọ kíkà ti lè bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tó bá fi hàn ń tọ́ka sí ẹ̀sùn, kì í dárúkọ ẹ̀yà tí ẹ ó rà. P0301 túmọ̀ sí pé sílíńdà kìíní ń kùnà. Ẹ fi kọ́ìlì rẹ̀, tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná, ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti sílíńdà kejì, kí ẹ pa nọ́ńbà náà rẹ́, kí ẹ sì wà á. Bí ó bá di P0302, kọ́ìlì ni. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pílọ́ọ̀gì. Bí iná ABS (búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) bá tàn lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti igbó jáde, kí ẹ tó lo ẹ̀rọ kankan, ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, bóyá ẹ̀ka igi ti já a.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára dè gbogbo bóòtù ìdí ọkọ̀ ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ, nígbà tí ọkọ̀ bá ti jókòó sórí táyà rẹ̀, pàápàá bóòtù tó wọ inú bọ́ṣìn. Bí ẹ bá dè é nígbà tí táyà ń rọ̀ lófuurufú, rọ́bà bọ́ṣìn á máa lọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan kọjá orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara irin tó jókòó lé. Lẹ́yìn nǹkan bí 80 sí 100 kìlómítà, ẹ tún dè nọ́ọ̀tì táyà, kí ẹ sì wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀tì tí ìlà rẹ̀ bá ti yẹ̀ ni kí ẹ tú, kí ẹ wo ara bóòtù rẹ̀ bóyá ó ti fà, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti fà, dípò kí ẹ kàn fún un le lórí ara wọn.